Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Mi Mú Mi Lọ Tọ́ Wáìnì Wò

Mo fẹ́ kọ nípa ọjọ́ Sátidé kan tí mi ò ṣe iṣẹ́ kankan. Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò ní Atlanta, òun ló fara balẹ̀ jù. Oòrùn rẹ̀ ò mú jù, oúnjẹ pọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fi ohùn líle bá mi sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá jí láàárọ̀, àyà mi á sì já.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nígbà tí mo kúrò nílé kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ní Redan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, níbi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ Aunty mi, ilé tò tẹ̀ lé ilé, koríko gbogbo wọn ga bákan náà, àwọn èèyàn á sì ti inú ilé bọ́ sínú gáréèjì, wọ́n á ti gáréèjì bọ́ sínú ọkọ̀, wọn ò ní kí ẹnì kankan. Ní ọ̀sẹ̀ mi àkọ́kọ́, mo kí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń gbé ìdọ̀tí síta, mo sì tẹ eékún díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ yẹn títí di ọ̀sán. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ohun tí ẹlòmíràn á ti gbàgbé kó tó dé ẹnu ọ̀nà, èmi á gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"O ti ń ro nǹkan jù," Aunty sọ fún mi. Àbúrò màmá mi ni, nọ́ọ̀sì ni. "Dem no dey greet here. Ṣé ó bú ẹ ni? Free the man."

Lẹ́yìn tí mo parí master's mi, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Fairburn, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá tí kò ní fèrèsé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan dé lójú kọ̀ǹpútà, kí n sì máa pe awakọ̀ tó bá pẹ́. Ọjọ́ tí awakọ̀ kan kọ́kọ́ pè mí ní ma'am lórí fóònù, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ mi ni mo ti ń jẹun ọ̀sán, ní páàkì, gíláàsì gbogbo wà ní títì, nítorí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí tábìlì tó fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ jókòó síbẹ̀ kí n máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti rín tán.

Ìwé tí ìjọba fi gbà mí láàyè láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ọdún kan péré ni. Òpin oṣù keje ló máa parí. Bí ilé iṣẹ́ mi bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, ìjọba lè fi ọdún méjì kún un. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, mo gbọ́dọ̀ palẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi, Linda, ni mo gbé fọ́ọ̀mù náà fún nínú oṣù kejì. Ó ní òun á bá àwọn tó ni ilé iṣẹ́ sọ ọ́. Oṣù karùn-ún dé, ó ṣì ń bá wọn sọ ọ́.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìbẹ̀rù tó wà lára mi nígbà yẹn dáadáa, nítorí àwọn èèyàn máa ń rò pé ìtìjú lásán ni. Ìtìjú wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ní Ìkìrun, màmá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kì í dárúkọ mi mọ́; "ọmọ mi tó wà ní Atlanta" ló ń pè mí, kódà níwájú àbúrò mi tó mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni pé mo ti ń gbé níbí bí ẹni tó sé èémí rẹ̀. Mi ò ra àga. Mi ò gbé àwòrán kankan kọ́ sára ògiri. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ dénú, torí mò ń dúró de ìwé. Mo sọ fún ara mi pé tí ìwé bá ti jáde, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlú yìí. Bí wọ́n bá wá ní kí n máa lọ, á jẹ́ pé mi ò gbé ibẹ̀ rí nìyẹn.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé kan ni Linda bá mi nínú kíṣìnnì ọ́fíìsì, níbi tí mo ti ń gbé ìrẹsì mi gbóná. Òyìnbó ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, irun rẹ̀ funfun, ó sì gé e mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ló ra ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní campervan: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, síńkì kékeré náà sì wà. Gbogbo ìgbà tó bá gba ìsinmi ló ń wà á jáde.

"Èmi àti Denise ń lọ sápá òkè lọ́hùn-ún lópin ọ̀sẹ̀," ó ní. "A fẹ́ lọ tọ́ wáìnì wò, ká sùn síbẹ̀ mọ́jú. Tẹ̀ lé wa. O nílò ìsinmi."

Mo ní màá ronú sí i. Mi ò ronú kankan. Kí n tó jẹ ìrẹsì yẹn tán, mo ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Nílé wa, ọ̀gá tó bá fẹ́ lé èèyàn á kọ́kọ́ yẹra fún un ni. Kò ní kí i mọ́, kò ní rán an níṣẹ́ mọ́. Èyí tó bá ní kí o wá bá òun jẹun, kí o sùn síbi tí òun sùn, ti kà ọ́ mọ́ ara ilé rẹ̀. Mo pe màmá mi láti páàkì.

"Òun fúnra rẹ̀ ló pè ẹ́?" Màmá béèrè.

"Òun fúnra rẹ̀ ni, mà."

"Kì í ṣe pé ó rán ẹnì kan sí ẹ?"

"Rárá, mà. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń gbóúnjẹ gbóná ni."

"Ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn." Mo gbọ́ tó ń fa àga, tó jókòó. "Ó kàn fẹ́ sọ fún ẹ níbi tó dáa ni. Gbọ́, má dúró dìgbà tó máa sọ ọ́. Kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Bó bá tiẹ̀ ku díẹ̀ tí kò tíì ṣe, ojú á tì í láti yí i padà."

Mi ò dárúkọ wáìnì fún un. Ìrìn àjò ọ́fíìsì ni mo pè é. Aunty nìkan ni mo sọ ọ́ fún, ó sì fi ọwọ́ lé ẹnu.

"Wáìnì kẹ̀? Sister tó ń kọ soprano ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Oya, máa lọ jàre. Tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀. If it's because of paper, God understands." Nígbà tó yá, ó gbé ìyẹ̀fun sílẹ̀, ó sì din ṣinṣín tó kún abọ́ áísìkiriìmù kan tó ti ṣófo. "Má lọ lọ́wọ́ òfo. Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún Linda ní àárọ̀ Sátidé. Denise ló kọ́kọ́ ṣí i. Denise ni ọ̀gá àwọn tó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí wa. Atlanta ni wọ́n bí i sí, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ó sì máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo ènìyàn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó bu ṣinṣín kan sẹ́nu, ó dúró, ó wò mí.

"Kí lẹ fi ṣe èyí, sìmẹ́ǹtì?"

"Ó yẹ kó le díẹ̀ ni," mo ní.

"Díẹ̀ kọ́ nìyí. Tí eyín mi bá yọ, ìwọ lo máa bá mi wá a nínú ọkọ̀ yìí." Kó tó di pé a kúrò ní Atlanta tán, ó ti jẹ ìdajì abọ́ náà, ó gbé e sáàárín itan rẹ̀, kò sì fún Linda.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo igi tó ń pọ̀ sí i bí òkè ṣe ń sún mọ́. Ó yẹ kí n máa gbádùn ara mi. Mò ń gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Linda bá sọ ni mò ń yẹ̀ wò, bóyá ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé mi. Nígbà tó ní ojú ọjọ́ dára, mo gbà á bí àmì rere. Nígbà tó dákẹ́, mo gbà á bí àmì búburú. A dúró lẹ́bàá odò kan, ó din ẹyin, a jẹ ẹ́. Bó ṣe dìde láti fọ abọ́, mo ti gba kànǹkàn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó," Linda ní. "Ìsinmi lo wà."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ̀ ọ́ tán."

"O ò tíì fọ ẹyọ kan," Denise ní láti ẹnu ọ̀nà. "Linda, ṣé o fi kún owó oṣù rẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fọ gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe pé mò ń wá ojúure, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń wá a. Ara mi kàn kọ̀ láti jókòó kí ẹni tó tó màmá mi lọ́jọ́ orí máa fọ abọ́ tí mo fi jẹun.

Ọgbà àjàrà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó tò ní ìlà-ìlà bí ebè. Linda gbé ọkọ̀ sí abẹ́ igi kan níbi tí wọ́n ti gbà wá láyè láti sùn. Ìta ni tábìlì wà, lórí òkúta pẹlẹbẹ, àwọn àlejò mìíràn sì jókòó káàkiri, ìdílé kan, tọkọtaya méjì-mẹ́ta. Bàbá onírùngbọ̀n kan gbé ife mẹ́fà-mẹ́fà ka iwájú wa, ó bu díẹ̀ sí àkọ́kọ́, ó sì gbé garawa kékeré kan sáàárín.

Mo ti wo fídíò kí n tó wá. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń yí ife, pé wọ́n máa ń gbóòórùn rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ti garawa. Linda mu ún, ó fi ṣe bí ẹni ń yọ ẹnu, ó sì tu ú sínú garawa náà. Denise ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí.

Mi ò lè ṣe é. Wọ́n bu nǹkan fún mi, ọ̀gá mi ló mú mi wá, kí n wá tu ú dà níṣojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí n tu ú. Mo mọ̀ pé òun náà tu ú. Síbẹ̀ ọ̀fun mi gbé e mì kí n tó pinnu. Mo gbé èkejì náà mì, àti ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti àjàrà ilẹ̀ ibẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní muscadine, ó dùn, ó tún kan díẹ̀ lẹ́yìn, ó rán mi létí àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n kọjá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Linda. Ó ní kí n ṣàlàyé àgbálùmọ̀. Mo sọ bí a ṣe máa ń jẹ èèpo rẹ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, tí ètè wa á lẹ̀ pọ̀, tí olùkọ́ á bi wá ní ìbéèrè tí a ò ní lè la ẹnu. Linda rẹ́rìn-ín dénú. Denise fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí tí èmi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín tí kì í ṣe nípa àṣìṣe.

Ara mi gbóná. Èjìká mi sọ̀kalẹ̀. Mo wo òkè, mo wo àwọn obìnrin méjèèjì, mo sì rò ó pé bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbé nìyí, bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀.

Lẹ́yìn ife kẹfà, Linda gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. "Inú mi dùn pé o wá," ó ní. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo rántí ohun tí Màmá sọ. Mo dìde, mo yí tábìlì po, mo sì fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ lórí òkúta níwájú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun fún ohun tí ẹ ṣe fún mi. Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́, ẹ ti ran màmá mi lọ́wọ́." Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fi ọ̀rọ̀ ìwé náà kún un, pé ọdún méjì tí ẹ fọwọ́ sí yìí, mi ò ní já yín kulẹ̀.

Bàbá onírùngbọ̀n dúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Obìnrin kan nídìí tábìlì kejì gbé fóònù sókè, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ojú Linda pọ́n láti ọrùn lọ.

"Dìde," ó ní. "Jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ tán, mà."

Denise ló fi apá gbé mi. Kò rọra ṣe é. "Dìde nísinsìnyí," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré.

Linda ti ń sunkún. "Wọn ò fọwọ́ sí i," ó ní. "Mo bá wọn jà, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ìwé kankan tó kan ìjọba lọ́dún yìí. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa sọ fún ẹ. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Tuesday. Mo kàn fẹ́ kí o ní ọjọ́ kan tó dára ná."

Mi ò bínú sí i. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ pé mo bínú, ìtàn á rọrùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe mí ni pé mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má sunkún mọ́. Mo ní, "Kò tọ́pẹ́," èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ mu rárá, mo sì ń kó àwọn ife jọ sójú kan, bí ẹni pé wọ́n ní kí n palẹ̀ tábìlì mọ́. Denise gba ife lọ́wọ́ mi, ó sì mú mi wọ àárín àwọn ìlà àjàrà.

A rìn fún ìgbà díẹ̀. Wáìnì ń yí mi lójú.

"Má ṣe ìyẹn mọ́ láé," Denise ní.

"Bí a ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn. Àgbà ni. Èmi á kúnlẹ̀ fún ìwọ náà."

"Mo gbọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó dúró. "Ìyá ìyá mi fi eékún nu ilẹ̀ ilé àwọn òyìnbó ní ìpínlẹ̀ yìí títí kò fi lè dìde dúró mọ́. Ohun tí o ní lọ́kàn, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn yẹn rí, èmi mọ̀ ọ́n."

Mo ní kó máà bínú. Ó ní kì í ṣe èmi ló ń bí òun nínú, ṣùgbọ́n kí n dákẹ́ ìbẹ̀bẹ̀ ná. Ó ní kí n mí.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn ju ti fọ́ọ̀mù lọ. Mo gbé eékún mi wá láti ilé, mo rò pé ohun tó túmọ̀ sí ní Ìkìrun ló máa túmọ̀ sí níbikíbi, torí inú mi mọ́. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú yìí pẹ̀lú àwọ̀ yìí, ìtàn kan ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí, tí mi ò bá wọn jẹ nínú ìyà rẹ̀, tí mo sì fi eékún mi tẹ̀ mọ́lẹ̀ níṣojú Denise tó jogún rẹ̀. Mo ti ń bínú pé ilẹ̀ yìí kò mọ̀ mí. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ni mò ń wò nígbà gbogbo.

Fóònù mi dún nígbà tí a ṣì wà láàárín àjàrà. Màmá ni. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn. Denise rìn síwájú díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ó wà lórí speaker o," Màmá ní. "Ìyá Kẹ́mi wà níbí, Mama Deaconess náà wà níbí. A ti ń bá ẹ gbàdúrà láti àárọ̀. Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo ti dúpẹ́, mà."

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀, mà."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn Ìyá Kẹ́mi ni. "Kí ló wá sọ?" Màmá béèrè.

Mo wo òkè. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé ẹ ti jẹun, mà?"

Lọ́dún tí màmá bàbá mi kú, mo ti iléèwé dé, Màmá sì gbé ìrẹsì ka iwájú mi, ó fi ẹran mẹ́ta sí i, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo fọ ọwọ́ tán ló tó sọ ọ́. Òun ló kọ́ mi pé kí èèyàn kọ́kọ́ jẹun kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú. Bí Linda sì ṣe din ẹyin fún mi lẹ́bàá odò yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, torí mi ò rò pé àwọn náà ń ṣe é.

Orin yẹn ń lọ. Lẹ́yìn náà ló jìnnà, ó dàbí pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé Màmá ti pa speaker, ó ti bọ́ síta.

"Mi ò tíì jẹun," ó ní. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ mi gan-an.

"Ẹ lọ jẹun ná, mà. Màá pè yín padà."

"Mi ò ní jẹun," Màmá ní. "Máa sọ ọ́."